Ìbò ti parí: ṣé kéèyàn kó kúrò ládùúgbò ni? Ìmọ̀ràn fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Alábòójútó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìgbà yìí o. Lẹ́yìn gbogbo ìdìbò ni irú ìbéèrè yìí máa ń pọ̀ níbí: ayálégbé tí òun àti lándílọ́ọ̀dù kò sí nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹni tí àwọn ará agbo-ilé kò kí mọ́, ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ Òkè-Àdó kó lọ kọ́lé sí Ọ̀yọ́, títí kan àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wá ìpínlẹ̀ tí yóò bá wọn lára mu. Ẹ jẹ́ ká kó ìmọ̀ràn gbogbo síbì kan. Òfin wa kò yí padà: ẹ má dárúkọ aládùúgbò, ẹ má polongo ẹgbẹ́. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ dájú ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀rù

Ẹ ṣé, Alábòójútó. Kí ẹnikẹ́ni tó lọ háyà ọkọ̀, kó kọ́kọ́ ya ewu sọ́tọ̀ kúrò lára ìbínú.

Ewu ni bí ẹnì kan bá dárúkọ yín tàbí ilé yín pé àwọn ń bọ̀. Ewu ni bí àwọn jàǹdùkú bá wá béèrè yín lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n bá fi ọ̀dà sàmì sára ògiri yín, bí wọ́n bá ti fọ́ ìsọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ ládùúgbò kan náà. Níbi tó bá ti dé bẹ́ẹ̀, ẹ má jókòó gbìmọ̀. Lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ kó ọmọdé àti àgbàlagbà lọ sọ́dọ̀ ẹbí. Ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé dání kò pọ̀: ìwé ilẹ̀, rìsíìtì owó ilé, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, káàdì ìdìbò, ìwé NIN, páásípọ́ọ̀tù, oògùn tí aláìsàn ń lò lójoojúmọ́, àti ṣájà fóònù. Àga àti bẹ́ẹ̀dì lè dúró. Ẹni tó bá ń kó wọn sọ́kọ̀ nígbà tí ọmọ ìta wà lójú títì ń fi ara rẹ̀ hàn fún wọn ni. Nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni 615, ti gbogbo Nàìjíríà sì ni 112.

Bí ìhàlẹ̀ bá wá lórí WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì pín in káàkiri. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù náà níbi tí nọ́ńbà àti ọjọ́ ti hàn, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sẹ́ni tó ṣeé fọkàn tán, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí tẹ́ṣàn. Ẹ kọ orúkọ ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé mọ́gàjí nìkan ni wọ́n máa ń sọ fún, ọ̀rọ̀ á sì parí sí "ẹ fọwọ́ wọ́nú." Ó yẹ kí mọ́gàjí gbọ́, àmọ́ kí ìwé wà ní tẹ́ṣàn pẹ̀lú.

Ìbínú ni kí wọ́n má kí yín mọ́, kí wọ́n kọrin òwe kọjá níwájú ilé yín, kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín lórí gúrúùpù àdúgbò. Ó ń dunni o, nílẹ̀ tiwa kí ènìyàn kí ni kí wọ́n má dáhùn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ìbínú ìbò ní àkókò tirẹ̀. Lábẹ́ òfin, ẹni tó fìdí rẹmi ní 21 ọjọ́ lẹ́yìn ìkéde èsì láti gbé ẹjọ́ lọ; kóòtù ìbò ní 180 ọjọ́ láti dájọ́; ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ní 60 ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kéde èsì ni ara máa ń gbóná jù, yóò rọlẹ̀, yóò tún gbóná lọ́jọ́ ìdájọ́. Ẹ má ṣe ìpinnu owó ilé odidi ọdún kan láàárín 21 ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn.

Ọmọ Tákìé

Ẹ kú àlàyé, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n máa ń sọ pé àdúgbò kan jẹ́ ti APC, òmíràn ti PDP. Báwo lèèyàn ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ kó tó gba ilé?

Ẹ́jẹ́ǹtì Kínnìrá

Ẹ lè wò ó fúnra yín lórí ojúlé INEC tí wọ́n ń gbé èsì ìbò sí, tí wọ́n ń pè ní IReV. Ẹ fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀, ẹ yan ìdìbò tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ yan Ọ̀yọ́, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ibùdó ìdìbò. Fọ́tò fọ́ọ̀mù EC8A ni yóò jáde, ìyẹn ìwé èsì ibùdó náà tí wọ́n fọwọ́ kọ níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbò. Kẹ́ ẹ tó wo iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ẹ kọ́kọ́ wo iye orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò àti iye àwọn tí wọ́n yẹ káàdì wọn wò. Àwọn fọ́tò kan ṣú, àwọn kan kò sí rárá. Èyí tẹ́ ẹ kò bá rí kà, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ wá ṣọ́ra fún ìtumọ̀ tẹ́ ẹ máa fún un. Ibùdó ìdìbò yàtọ̀ sí àdúgbò. Ẹni tó ń gbé ní Stadium lè forúkọ sílẹ̀ ní agbo-ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, ọmọ LAUTECH tó ń gbé Under-G lè ní káàdì rẹ̀ ní Òṣogbo. Nítorí náà ibùdó tó kọjú sí ilé tẹ́ ẹ fẹ́ gbà kò sọ ẹni tó wà nínú yàrá kejì. Ohun kejì ni pé ìwé náà kò kó gbogbo èèyàn já. Nígbà ìbò ààrẹ 2023, orúkọ tó wà nínú ìwé ní gbogbo Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93, ṣùgbọ́n àwọn tó dìbò kò tó mílíọ̀nù 26. Ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin tó forúkọ sílẹ̀ ló jókòó sílé, ẹ kò sì lè fi èsì ibùdó mọ ọkàn wọn.

Èyí tó sì yẹ kó wà lọ́kàn gbogbo ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni pé ní 25 oṣù kejì 2023, APC ló borí nínú ìbò ààrẹ níbí, ó sì kó ìjókòó Sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 18 oṣù kẹta, Ṣèyí Mákindé ti PDP ló wọlé gómìnà. Ìpínlẹ̀ kan náà, ìwé olùdìbò kan náà. Ẹni tó bá pe òpópónà kan ní ti APC ní oṣù kejì, kí ló máa pè é ní oṣù kẹta?

Ọmọ Tákìé

Ó yé mi wàyí. Kí la wá máa wò?

Ẹ́jẹ́ǹtì Kínnìrá

Ibi tí ilé wà gan-an. Ìjà ìbò kì í tàn ká gbogbo àdúgbò lọ́gbọọgba; ó ní ojúbọ rẹ̀. Gárèèjì, iwájú ilé ẹgbẹ́, iwájú ilé aṣáájú wọ́ọ̀dù, pápá tí wọ́n ti ń ṣe ìpolongo, àti títì tí ọkọ̀ ìpolongo ń gbà kọjá. Ilé tó wà ní ojúlé kejì tàbí ìkẹta sẹ́yìn títì sábà máa ń sùn dáadáa ní òru tí ti ojú títì kò sùn. Bí owó wọn bá jọra, ẹ gba ti ẹ̀yìn.

Ẹ lọ wo ilé náà láàárọ̀, ẹ padà lọ lẹ́yìn ìrun Ìṣà'ì nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ti jáde sí ìkòríta, kẹ́ ẹ sì tún lọ lẹ́yìn òjò bí ìgbà òjò bá ni. Ẹ wo ògiri àti òpó iná. Níbi tí póstà ẹgbẹ́ mẹ́ta bá ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí oòrùn ti pa gbogbo wọn láwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ya ọ̀kankan, àdúgbò náà ń fara da ara wọn. Níbi tí ẹ bá ti rí ojú aládíje kan tí wọ́n ha kúrò lára gbogbo ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin òpópónà, tí ti èkejì sì mọ́ rekete, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ògiri. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ìkòríta bóyá wọ́n jà nígbà ìbò àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi í ní ẹgbẹ́ tó wà. Kò ní sọ òótọ́, ẹ ó sì ti sọ ti yín.

Ohun kan tún wà tí ìgbà ìbò fi dára fún wíwá ilé: oṣù kejì àti ìkẹta ni kànga máa ń gbẹ lọ́dọ̀ wa. Ẹ ju korobá sínú kànga ilé náà. Bí omi bá wà níbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta, ẹ máa rí omi pọn lọ́dún yípo. Bí wọ́n bá ní "omi wà, ó kàn lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni", ẹ bi aládùúgbò iye tó ń ra omi.

Ẹ tún ṣírò owó dáadáa. Àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù sábà máa ń jẹ́ 10% kọ̀ọ̀kan. Ká ní ilé jẹ́ 200,000 náírà lọ́dún, 240,000 ni yóò jáde lọ́wọ́ yín kí a tó sọ̀rọ̀ owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́, owó ọkọ̀ àti owó alágbàrù. Owó tí ìbínú máa ná yín nìyẹn bó bá jẹ́ ìbínú nìkan ló lé yín. Ẹ má sì san kọ́bọ̀ kí ẹ tó rí onílé fúnra rẹ̀ tàbí ìwé tó fi yan ẹni tó ń bójú tó ilé náà. Ní ìlú tiwa níbí, ilé ẹbí pọ̀. Ẹ béèrè bóyá gbogbo ẹbí mọ̀ pé wọ́n ti gbé yàrá yẹn jáde.

Lọ́yà Òkè-Àdó

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n gba ti lándílọ́ọ̀dù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹnu lásán lé ènìyàn jù.

"Kó jáde nínú ilé mi kí oṣù yìí tó tán, lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ." Ọ̀rọ̀ ẹnu lèyí. Nótíìsì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kó dárúkọ ayálégbé, kó júwe yàrá tàbí ilé náà, kó sì sọ ọjọ́ tí ilé gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí ìwé àdéhùn bá ti sọ iye ọjọ́, èyí tó wà níbẹ̀ la ó tẹ̀ lé. Bí kò bá sọ ọ́, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìyẹn bá pé, ìwé kejì ń bọ̀, ti ọjọ́ méje, tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Kóòtù nìkan ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n kó ẹrù ayálégbé síta. Onílé kò gbọ́dọ̀ yọ ilẹ̀kùn, kò gbọ́dọ̀ ká páànù, kò gbọ́dọ̀ gé wáyà iná, kò sì gbọ́dọ̀ fi àgádágodo tuntun há yín mọ́ta. Bó bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹ pe ẹlẹ́rìí méjì, ẹ lọ sí tẹ́ṣàn, kẹ́ ẹ tó wá lọ́yà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé àdéhùn yín jáde lónìí kẹ́ ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ́jẹ́ǹtì ń tẹ̀ ní ìlà kan nísàlẹ̀ tó sọ pé nótíìsì oṣù kan ti tó. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti sọ oṣù mẹ́fà rẹ̀ di oṣù kan. Ẹni tó bá ń gba ilé tuntun lọ́wọ́ lè ní kí wọ́n fagi lé ìlà yẹn kí òun tó buwọ́ lù ú. Àwọn onílé mìíràn máa ń gbà.

Gbèsè ló ń ba ẹjọ́ ayálégbé jẹ́ jù. Bí onílé bá kọ owó yín nítorí ọ̀rọ̀ ìbò, kẹ́ ẹ má fìyẹn ṣe ìdí láti má san. Ẹ san án sí àkáǹtì rẹ̀, ẹ kọ "owó ilé" àti ọdún tó wà fún síbi àlàyé. Bí ẹ kò bá mọ àkáǹtì rẹ̀, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání lọ fún un, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi wá pé ṣé Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 kò dáàbò bo èrò òṣèlú ni. Ó dáàbò bò ó. Abala 40 fún yín láyè láti wà nínú ẹgbẹ́ tó wù yín, abala 41 láti gbé níbi tó wù yín, abala 43 láti ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà, yálà ọmọ ìlú ni yín tàbí ẹ kì í ṣe ọmọ ìlú. Abala 42 sọ pé kí wọ́n má fi èrò òṣèlú ya ènìyàn sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òfin àti iṣẹ́ ìjọba ló ń bá wí. Lándílọ́ọ̀dù tó bá fún yín ní nótíìsì tó pé kò pọn dandan kó sọ ìdí. Ìlànà nótíìsì yẹn gan-an ni odi yín, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fi ìbínú kó jáde kí ó tó pé.

Ará Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dára, Lọ́yà. Àmọ́ kí ló burú bí ènìyàn bá fẹ́ gbé láàárín àwọn tí èrò wọn bá tirẹ̀ mu? Ọkàn á balẹ̀, ọmọ kò ní gbọ́ èébú.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀rà

Ọmọ mi, kò burú láti fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣòro ni kí ó ṣeé ṣe. Ẹ wo ẹgbẹ́ tó ti mú gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: AD ní 1999, PDP ní 2003 àti 2007, ACN ní 2011, APC ní 2015, PDP ní 2019 àti 2023. Àwọn aṣáájú pàápàá kò dúró sójú kan. Olóògbé Adébáyọ̀ Alao-Akala, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, di gómìnà lábẹ́ PDP ní 2007, ó díje lábẹ́ Labour ní 2015, ó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì ADP ní 2019. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kó ilé, ẹrù rẹ̀ kò ní kúrò lórí ọkọ̀.

Ìtàn sì wà tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀. Lẹ́yìn ìdìbò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 11 oṣù kẹwàá 1965, nígbà tí Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú wa, jẹ́ Pírémíà, ni "Wẹ́tìẹ̀" gbòde. Bẹntiróòlù ni wọ́n ń dà sára ilé, mọ́tò àti ènìyàn. Ohun tó mú kí iṣẹ́ àwọn adánásunlé yá ni pé gbogbo ènìyàn ti mọ ilé tó jẹ́ ti Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, àti èyí tó jẹ́ ti Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Bí gbogbo ẹgbẹ́ kan bá kó jọ sí òpópónà kan, ẹni ibi kò nílò atọ́nà. Ìdàpọ̀ ló ń mú kó ṣòro láti sọ iná: ẹni tó fẹ́ jó ilé ọ̀tá á rí i pé ìyàwó àbúrò òun ló wà ní yàrá tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ènìyàn lè wá ni àdúgbò tí àgbà wà, tí àwọn ọmọ ń gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ìyẹn ju ẹgbẹ́ lọ.

Tìṣà Àrówómọ́lé

Ní ṣókí, fún àwọn òbí. Ọmọ SS3 tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC ní ilé ìwé kan, ibẹ̀ ló ti máa ṣe é; ẹ má gbé e kúrò. Bí ẹ kò bá lè má kó, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí títí yóò fi parí. JSS3 bákan náà. Fún àwọn yòókù, ẹ dúró di ìparí táàmù, kẹ́ ẹ gba ìwé ìgbéjáde àti èsì táàmù mẹ́ta tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó kó. Ilé ìwé tuntun yóò béèrè wọn, bí ẹ bá sì ti bínú lọ, pípadà wá gbà wọ́n máa ń nira.

Òṣìṣẹ́ Ibùdó

Ọ̀rọ̀ káàdì ìdìbò ni tèmi, torí òun ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé títí ọjọ́ ìbò fi dé. Káàdì kì í bá ẹni kó ilé fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kó láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ìlú Ọ̀yọ́, bíi 50 kìlómítà ni, wọ́n sì máa ń dá ọkọ̀ dúró lọ́jọ́ ìbò. Ẹni tí kò gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ibùdó tuntun kò ní dìbò níbẹ̀, ó parí.

Nígbà Òfin Ìdìbò 2022, ẹni tó bá fẹ́ gbé orúkọ gbọ́dọ̀ ti ṣe é, ó pẹ́ tán, 90 ọjọ́ ṣáájú ìbò. Ẹ má dúró dé ọjọ́ yẹn, ẹ ṣe é nígbà tí INEC bá ti ṣí ìforúkọsílẹ̀, kí èrò tó pọ̀. Ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ tẹ́ ẹ kó lọ ni kẹ́ ẹ lọ, tàbí kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ojúlé ìforúkọsílẹ̀ wọn. Ẹ mú káàdì àtijọ́ dání, ẹ mọ àdírẹ́sì tuntun, ẹ sì ti mọ wọ́ọ̀dù àti ibùdó tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé tàbí nọ́ńbà tó fi hàn pé ẹ ti béèrè. Òun lẹ ó fi máa tọpa rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn lọ forúkọ sílẹ̀ tuntun dípò kó gbé ti àtijọ́. Ẹ̀rọ INEC ń fi ìka àti ojú wá ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ìbò 2023 tó dé, orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 2.7 ni wọ́n yọ dànù. Ìjìyà rẹ̀ nínú òfin 2022 tó 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí méjèèjì. Bí ẹnì kan ládùúgbò àtijọ́ bá sì ní kẹ́ ẹ ta káàdì yín fún òun níwọ̀n bí ẹ ti ń lọ, 500,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí méjèèjì ni tìyẹn nínú òfin 2022, fún ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á.

Ẹ tún mọ ohun tí kíkó yín yí padà. Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ sí Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́: aṣòfin ìpínlẹ̀ yí padà, ti Àbújá kò yí, torí ẹkùn kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Oríire. Ògbómọ̀ṣọ́ sí ìlú Ọ̀yọ́: Sẹ́nétọ̀ pàápàá yí padà, láti Àríwá Ọ̀yọ́ sí Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́. Gómìnà kò yí. Mo ń sọ èyí fún àwọn tó rò pé àwọn ń sá fún gómìnà nígbà tí wọ́n kó láti Tákìé lọ sí Akẹ̀sán.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Lọ́dọ̀ wa níbí ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ ju tilé lọ. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard tẹ ìwádìí jáde tí wọ́n fi àdírẹ́sì olùdìbò mílíọ̀nù 180 ṣe, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ Democrat tàbí Republican ni kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹni ẹgbẹ́ kejì ládùúgbò wọn. Síbẹ̀, ẹ má rò pé ìbò ló kó wọn jọ. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwọn fẹ́ gbé láàárín ẹgbẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n tó bá di kí wọ́n mú ilé, owó ilé, ilé ìwé àti ààbò ni wọ́n ń wò. Ní òru ìbò 2016, èrò tó rọ́ lọ sórí ojúlé ìwé ìgbélùú Kánádà pọ̀ débi pé ojúlé náà dákú. Kánádà kò sì fún ẹnikẹ́ni ní máàkì nítorí ìbínú: ọjọ́ orí, ìwé, èdè àti iṣẹ́ ni wọ́n ń kà.

Fún ọmọ wa tó fẹ́ kó láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn lẹ́yìn ìbò, ohun tí ń bẹ níwájú rẹ̀ nìyí. Texas àti Florida kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó orí ilé ga ní Texas, owó ìdójútòfò ilé sì ga ní Florida. Ẹ ṣírò méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá dé Texas, ẹ ní 30 ọjọ́ láti forúkọ mọ́tò sílẹ̀ àti 90 ọjọ́ láti pààrọ̀ láíséǹsì. Ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò gbọ́dọ̀ wọlé ní 30 ọjọ́ ṣáájú ìbò.

Àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Láíséǹsì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ tó jọ wọ àdéhùn kan. Texas, Florida àti Georgia wà nínú rẹ̀, California kò sí. Bí ẹ bá kó láti ìpínlẹ̀ kan tó wà nínú rẹ̀ sí òmíràn tó wà nínú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè tuntun láàárín 60 ọjọ́. Ẹni tó bá fi ìbínú kó lọ sí ibi tí kò sí nínú àdéhùn náà lè jókòó sílé láìníṣẹ́ títí ìwé yóò fi jáde.

Èyí tó le jù ni ti ẹni tó ní gíríìn káàdì tàbí físà. Ẹ gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù AR-11 sọ àdírẹ́sì tuntun fún ilé iṣẹ́ ìgbélùú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì lọ pààrọ̀ láíséǹsì, akọ̀wé lè béèrè bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Rárá ni ìdáhùn. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bá fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ ni òun lè pàdánù gbogbo ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sílé. Ẹ ka gbogbo ojú ìwé kẹ́ ẹ tó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Awọnlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ má ta ilẹ̀ lọ́sẹ̀ ìbò. Ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé ìkánjú wà lọ́rùn yín, ìdajì ni yóò pè. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ tún wúwo sí i: bí ènìyàn bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò sí rárá, bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Nínú ẹbí tí ìbò ti pín sí méjì, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni yóò dákẹ́. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ìyọ̀ǹda gómìnà sì wà lára gbígbé ilẹ̀ tó ní ìwé fún ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kúrò níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ fi í háyà, kẹ́ ẹ fi ìwé yan ẹni tí yóò máa bójú tó o, ẹ rí i pé òpó ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì dúró, kẹ́ ẹ ya fọ́tò wọn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé

Fún àwọn tó máa dúró, tí wọ́n sì pọ̀ ju àwọn tó máa lọ. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé onílé kí ìpolongo tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ìbò. Ohun tó ń ṣiṣẹ́: kò sí póstà lára ògiri tí a jọ ni, ọwọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ni ògiri tirẹ̀ wà, kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ọgbà ilé tí ayálégbé tó ju ẹbí kan ń gbé, gúrúùpù WhatsApp àdúgbò wà fún iná, omi, ọdẹ àti òkú nìkan, alábòójútó méjì láti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò sì máa yọ èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Owó ọdẹ àti owó tiransifọ́mà, ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan bá yín san án. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn: wọ́n á san án, wọ́n á ní kí àdúgbò dìbò fún àwọn, ẹni tí kò bá dì í á di ẹni tó ń jẹ iná àwọn.

Ọmọ Tákìé

Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè ìkẹyìn, Lọ́yà: bí ẹni tó wà nínú ewu bá gbọ́dọ̀ kó jáde nígbà tó ku oṣù márùn-ún nínú owó tó san, ṣé ó lè gba ìyókù?

Lọ́yà Òkè-Àdó

Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ọ́, ẹ má gbọ́kàn lé e; àdéhùn lẹ máa bá onílé ṣe. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ so ẹ̀dà ohun tẹ́ ẹ kọ ní tẹ́ṣàn mọ́ ọn, ẹ ní kó dá ìyókù padà nígbà tó bá rí ayálégbé tuntun. Ọ̀pọ̀ ló máa gba ìyẹn ju kó fi owó ara rẹ̀ san án padà. Ẹ lè bá a wá ayálégbé náà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé yàrá náà fún ẹnikẹ́ni láìsí ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó ẹrù tó kẹ́yìn, ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan àti iye tó wà lórí mítà, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà níwájú ẹlẹ́rìí, kẹ́ ẹ gba ìwé kékeré tó sọ ọjọ́ tó gbà á.